Kádẹ́ẹ̀tì tuntun lórí ọkọ̀ agbépo: ewu tó wà fún ara, àti ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ṣáàtì (máàpù òkun)

Ọmọ Ẹ̀bútè:

Ẹ̀yin àgbà ọkọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti parí àwọn kọ́ọ̀sì ìbẹ̀rẹ̀: bí a ṣe ń dóòlà ẹ̀mí ara ẹni lójú omi, iná pípa, ìtọ́jú àkọ́kọ́, ààbò lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé àyẹ̀wò ara mi náà ti jáde. Ọkọ̀ kékeré tó ń kó dísẹ́ẹ̀lì àti bẹntiróòlù láti Àpápá lọ sí Warri àti Port Harcourt ni mo fẹ́ wọ̀, kádẹ́ẹ̀tì dẹ́ẹ̀kì (ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ọ́físà) ni wọ́n gbà mí sí.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ bi yín. Yàtọ̀ sí òòyì ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ, kí ló máa ń ṣe òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tó yẹ kí n ti máa ṣọ́ra fún láti ọjọ́ kìíní? Èkejì, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ṣáàtì àti kọ́ńpáàsì? Àwọn kan ní GPS ń ṣe gbogbo ẹ̀ báyìí, àwọn kan ní kí n má fọkàn tán an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Baba Dẹ́ẹ̀kì:

Àbúrò, o káàbọ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Òòyì ọkọ̀ kì í pààyàn. Ohun tó ń pa òṣìṣẹ́ ọkọ̀ agbépo ni àwọn àyè tí wọ́n sé pa: táńkì ẹrù, táńkì ballast (omi tí wọ́n ń bù sínú ọkọ̀ kó lè dúró dáadáa), yàrá pọ́ǹpù, yàrá ṣéènì ìdákọ̀ró. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.

Irin tó ń dípẹtà máa ń jẹ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tó yí i ká. Táńkì tí omi iyọ̀ ti kan ògiri ẹ̀, tí wọ́n wá pa dé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ lè má gbé ẹ̀mí ró mọ́, bẹ́ẹ̀ kò ní rùn, kò ní ta ọ́ lójú, kò sì sí nǹkan kan tó o máa rí. Nínú 100, ọ́síjìn kó 20.9 nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Tó bá já dé 16, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fò ọ́, o ò ní lè ronú tààrà mọ́. Tó bá sún mọ́ 6, ìmí méjì mẹ́ta ló kù kéèyàn ṣubú lulẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, wọ́n á ṣí ìdérí, wọ́n á fi fáànù fẹ́ afẹ́fẹ́ tuntun wọ inú ẹ̀ dáadáa. Tí wọ́n bá fẹ́ wọn afẹ́fẹ́ náà, wọ́n á pa fáànù ná, wọ́n á ní sùúrù tó ìṣẹ́jú 10, torí tí fáànù bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ohun tí ẹ̀rọ máa kà kì í ṣe òótọ́. Wọ́n á wá sọ rọ́bà ẹ̀rọ náà kalẹ̀: òkè, àárín, ìsàlẹ̀ pátápátá. Má jẹ́ kí wọ́n fo ìsàlẹ̀ o, torí afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù wúwo, ìsàlẹ̀ ló máa ń sùn sí. Ohun tó yẹ kó o rí ni ọ́síjìn 20.9 sí 21, àti afẹ́fẹ́ agbaná tí kò ju 1 nínú 100 LEL lọ (LEL ni ìwọ̀n tó kéré jù tí afẹ́fẹ́ náà fi lè gbaná). Tí ọ́síjìn bá jẹ́ 20.2, má sọ pé kò burú. Nǹkan kan ló gba àyè ọ́síjìn yẹn. Bi wọ́n pé kí ni.

Ìwé àṣẹ ìwọlé gbọ́dọ̀ wà, kí wákàtí tó máa parí sì wà lára ẹ̀. Ẹnì kan á dúró sẹ́nu ihò, kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa bá ẹni inú sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ẹ̀rọ mímí tó ní sílíńdà, bẹ́líìtì ìgbéni àti okùn á ti wà lẹ́nu ihò níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí wàhálà bá ṣẹlẹ̀ tán la tó ń wá wọn kiri.

Tí ẹni inú bá ṣubú, má wọlé tọ̀ ọ́. Fọn ìdágìrì. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí òkú bá ju ẹyọ kan lọ nínú táńkì, ẹni tó sáré lọ gba ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló kún un. Ìbòjú oní-fíltà kò lè ṣẹ̀dá ọ́síjìn. EEBD náà, ìyẹn àpò mímí kékeré tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri, bí ìṣẹ́jú 10 ló ní, sísá jáde ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá gbé e wọlé lọ gbani kò ní tíì dé ìdí àtẹ̀gùn kó tó tán.

Ohun kejì ni okùn tí a fi ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté. Okùn ọ̀rá máa ń nà kó tó já, gbogbo agbára tó fi nà ló sì máa fi fò padà, ó lè gé ẹsẹ̀ èèyàn. Má dúró sínú ojóbó okùn tó wà nílẹ̀, má dúró sójú ọ̀nà tí okùn tó ti nà tán gbà. Àwọn ọkọ̀ kan máa ń kun ibi eléwu ní ọ̀dà pupa tàbí yẹ́lò. Má jẹ́ kí ọ̀dà yẹn tàn ọ́, torí okùn tó bá gba ara róólà kọ́ kò mọ ibi tí wọ́n kùn. Nígbà tí wíǹṣì bá ń fà, gbogbo dẹ́ẹ̀kì ìsokọ̀ ni kó o kà sí eléwu.

Nọ́ọ̀sì Etíkun:

Baba Dẹ́ẹ̀kì, ẹ kú ìtọ́sọ́nà, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ nípa táńkì ló rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ta ko yín díẹ̀ lórí òòyì ọkọ̀. Ẹni tó bá bì fún ọjọ́ méjì láìmu nǹkan, omi ara ẹ̀ á gbẹ, iyọ̀ ara ẹ̀ á lọ. Ẹlòmíì á lọ bì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lóru, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, láìwọ ẹ̀wù agbéniléfòó. Ibẹ̀ ló ti ń di ikú.

Àbúrò, oògùn òòyì kì í ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ tí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀. Cinnarizine, 30 mg ni àgbàlagbà ń lò ní wákàtí méjì kí ọkọ̀ tó ṣí, lẹ́yìn náà 15 mg ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ. Bi oníṣègùn ná, pàápàá tó o bá ń lo oògùn mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé Phenergan ló ń gbé mì torí owó ẹ̀ kò pọ̀. Oorun tí Phenergan ń kùn èèyàn kì í ṣe kékeré, ẹni tó bá lò ó kò gbọdọ̀ di ìdarí mú, kò sì gbọdọ̀ gun òkè. Cinnarizine náà ń kunni lóorun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí oògùn, dúró láàárín ọkọ̀ níbi tí kò ti fi bẹ́ẹ̀ jù, wo ibi tí òkun àti ọ̀run ti pàdé, má tẹjú mọ́ fóònù. Máa jẹ bisikíìtì gbígbẹ díẹ̀díẹ̀. Ikùn òfìfo kì í ranni lọ́wọ́, ẹ̀bà òun ẹ̀gúsí ọlọ́ràá kò sì ṣe é jẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ooru ni kókó mìíràn. Yàrá ẹ́ńjìnì lè ju 40°C lọ dáadáa ní agbègbè wa, bí wọ́n bá sì rán ọ lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀, mu ife omi kan ní bí ìṣẹ́jú 20-20, má dúró dìgbà tí òǹgbẹ bá gbẹ ọ́. Má mu ju lítà 1.4 lọ láàárín wákàtí kan, torí omi lásán tó pọ̀ jù máa ń dín iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kù. Tí ìtọ̀ ẹ bá ti pọ́n bíi tíì, o ti pẹ́ kó o tó mumi. Tí kò bá sí ORS nínú àpótí oògùn, po síbí tíì mẹ́fà ṣúgà tó tẹ́ pẹrẹsẹ àti ààbọ̀ síbí tíì iyọ̀ sínú lítà omi mímọ́ kan. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ara ẹ̀ gbóná janjan tó wá ń sọ̀rọ̀ wérewère, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti kọjá ká mumi: ẹ gbé e kúrò nínú ooru, ẹ da omi tútù sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹnì kan sì máa pe dókítà lórí rédíò lọ́wọ́ kan náà.

Lórí pípe dókítà: CIRM, ibùdó àwọn dókítà tó ń gba ọkọ̀ nímọ̀ràn láti ọ̀nà jíjìn, tó wà ní Róòmù, ń dá ọkọ̀ orílẹ̀-èdè yòówù lóhùn lọ́fẹ̀ẹ́, láti 1935 ni wọ́n ti ń ṣe é. Kí ẹ tó pè, ẹ ti kọ ọjọ́ orí aláìsàn, ìwọ̀n ìgbóná ara, bí ọkàn ṣe ń lù ní ìṣẹ́jú kan, ìfúnpá, oògùn tó ti lò, àti ibi tí ọkọ̀ wà sílẹ̀. Dókítà kò lè rí aláìsàn yín. Ohun tẹ́ ẹ bá kà fún un ló máa fi ṣiṣẹ́.

Bẹntiróòlù ní benzene nínú. Kì í ṣe òórùn tó ń fọ́ni lórí nìkan: tó bá ń wọ ara fún ọdún gbọọrọ, ó ń ba mùdùnmúdùn inú egungun jẹ́ níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Tó o bá ń wọn epo inú táńkì, dúró kí atẹ́gùn máa fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá lórí ihò, má jẹ́ kó máa ti ẹ̀yìn rẹ wá, torí ó lè yí afẹ́fẹ́ epo padà sí ọ lójú, má sì gbé ojú lé ihò náà. Má fi bẹntiróòlù fọ ọwọ́ láéláé, bó ti wù kí gíríìsì náà le tó.

Ibà náà ò kéré. Ọkọ̀ tó sọ ìdákọ̀ró sódò Warri tàbí Bonny, ẹ̀fọn ń bá a níbẹ̀. Tì fèrèsé láti ìrọ̀lẹ́, lo nẹ́ẹ̀tì. Tí ara bá gbóná lọ́jọ́ kẹwàá lẹ́yìn tẹ́ ẹ kúrò lódò, ẹ fi irinṣẹ́ àyẹ̀wò wo ẹ̀jẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ pé iṣẹ́ ló rẹ̀ ẹ́. Etí ńkọ́? Ariwo tó bá ti dé 85 dB, fi nǹkan dí etí. Etí tí ariwo bá ti bà jẹ́ kì í padà.

Ẹnjinníà Kejì:

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà ni oorun. Òfin MLC 2006, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀, ní kí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ sinmi ó kéré tán wákàtí 10 nínú 24, àti 77 nínú ọjọ́ méje. Wọ́n lè pín 10 yẹn sí méjì péré, ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó wákàtí 6 gbáko. Lórí ọkọ̀ kékeré, wákàtí 6 iṣẹ́, wákàtí 6 ìsinmi ni wọ́n sábà ń ṣe. Lórí ìwé ó péye. Àmọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ ní wákàtí kan ṣáájú àsìkò ẹ láti wá so ọkọ̀, wákàtí 6 ti di 5 nìyẹn, tí ìsinmi kejì náà kò bá sì tó 6, òfin ti fọ́. Yọ oúnjẹ àti ìwẹ̀ kúrò, oorun tó kù lè má ju 4 lọ. Bó ṣe rí gan-an ni kó o kọ ọ́ sínú ìwé wákàtí ìsinmi. Ọkọ̀ tí ìwé ẹ̀ mọ́ tónítóní ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn olùyẹ̀wò mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Àsìkò tó burú jù ni aago méjì òru sí mẹ́fà ìdájí. Ara ti fẹ́ sùn, ojú ṣí sílẹ̀ àmọ́ kò rí nǹkan. Dúró, má jókòó. Ojú nílò bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó mọ́ òkùnkùn lára, kó o kàn tan fóònù lẹ́ẹ̀kan péré, o tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Atọ́nà Òkun:

Mo gba ti ṣáàtì. Àbúrò, GPS dára, èmi kì í bá a jà. Ibi tí ọkọ̀ wà ló ń sọ. Kì í sọ ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n lè dí i lọ́wọ́, nọ́ńbà tó bá sì kà lè má bá ṣáàtì àtijọ́ tí wọn kò fi WGS84 (ìlànà ìwọ̀n ayé tí GPS ń lò) yà mu. Nítorí náà, nǹkan mìíràn tí kì í ṣe GPS ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i: ilẹ̀ tó o fojú rí, radar, tàbí jíjìn omi.

Ìwọ̀n ni kó o kọ́kọ́ mọ̀. Dígírì kan jẹ́ ìṣẹ́jú 60 (kì í ṣe ìṣẹ́jú aago). Ìṣẹ́jú latitude (ìwọ̀n àríwá sí gúúsù) kan jẹ́ máìlì òkun kan, ìyẹn mítà 1,852. Máìlì òkun kan ní wákàtí kan ni wọ́n ń pè ní knot. Láti 6°00' àríwá dé ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó ní nǹkan bí 6°24' jẹ́ máìlì 24, tó o bá lọ tààrà sí àríwá. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tàbí òsì ṣáàtì la ti ń wọn bí ibì kan ṣe jìn sí ìkejì, ní ìpele kan náà pẹ̀lú ibi tí ọkọ̀ wà. Kádẹ́ẹ̀tì tuntun máa ń gbé dífáídà (irinṣẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a fi ń wọ̀n ọ́n) lọ sí etí òkè tàbí ìsàlẹ̀. Longitude (ìwọ̀n ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn) ló wà níbẹ̀, kò ṣeé fi wọn máìlì.

Kọ́ńpáàsì wá. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ kì í sábà kọjú sí àríwá gidi, nǹkan méjì ló ń fà á. Ayé fúnra ẹ̀ ń fà á, ìyẹn ni variation, o máa rí i nínú àwòrán róǹdó tó wà lórí ṣáàtì, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n wọ̀n ọ́n àti iye tó ń yí lọ́dọọdún. Irin ọkọ̀ náà ń fà á, ìyẹn ni deviation, ó sì máa ń yí bí orí ọkọ̀ bá ṣe yí, nítorí náà ló ṣe ní káàdì tiẹ̀ lórí bíríìjì, ìyẹn yàrá tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀.

Ká ní ọ̀nà gidi lórí ṣáàtì jẹ́ 090°, variation 2° ìwọ̀ oòrùn, deviation 3° ìlà oòrùn. Láti ṣáàtì lọ sí kọ́ńpáàsì, ti ìwọ̀ oòrùn la ń fi kún un: 092°. Ti ìlà oòrùn la ń yọ: 089°. 089° ni kí ẹni tó di ìdarí mú máa wò. Tó o bá ń ti kọ́ńpáàsì bọ̀ sórí ṣáàtì, yí i padà: fi ìlà oòrùn kún un, yọ ìwọ̀ oòrùn kúrò. Ẹni tó bá ṣe é sódì níbí máa fi 10° ṣìnà bí àròpọ̀ àṣìṣe bá jẹ́ 5°, torí ẹ̀ẹ̀mejì ló máa jẹ ẹ́.

Láti mọ ibi tó o wà láìsí GPS, wo ohun mẹ́ta lórí ilẹ̀ tó wà lórí ṣáàtì, kí igun àárín wọn fẹ̀, ó dára tó bá tó 60°. Kọ́kọ́ wo èyí tó wà níwájú tàbí lẹ́yìn, fi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ṣe ìkẹyìn, torí òun ló ń yí kíákíá. Kọ aago sílẹ̀. Yí àwọn nọ́ńbà sí ti gidi, fa ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọn kì í sábà pàdé lójú kan, igun mẹ́ta kékeré ni wọ́n máa ń dá sílẹ̀. Tí igun náà bá kéré, gbà pé ibi tó sún mọ́ ewu jù nínú ẹ̀ lo wà. Tó bá tóbi, ọ̀kan nínú wọn kò péye, tún un wò.

Tí o kò rí ilẹ̀, ìyára lọ́nà àkókò ni: knot 8 fún ìṣẹ́jú 45 jẹ́ máìlì 6. Sàmì sí i lórí ìlà ọ̀nà rẹ, kọ aago sí i.

Ìṣàn omi sì máa ń da èyí rú. Létí òkun wa, ìṣàn Guinea sábà máa ń gbé nǹkan lọ sí ìlà oòrùn. Ká ní ọkọ̀ ń ti gúúsù bọ̀ wá sí Èkó, orí ẹ̀ kọ sí 000°, knot 8, ìṣàn jẹ́ knot 1. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, o ti sún máìlì 3 sí ìlà oòrùn, bẹ́ẹ̀ kọ́ńpáàsì ṣì ń sọ pé gbogbo nǹkan wà dáadáa. Láti dí i, kọ orí ọkọ̀ sí bíi 353°, ọ̀nà tó máa gbà lórí ilẹ̀ á jẹ́ 000°. Láti Èkó lọ sí ìlà oòrùn, ìṣàn ń tì ọ́ lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀, knot 8 lè di 7, kí ẹ sì ṣírò epo àti àkókò bẹ́ẹ̀.

Etíkun Ìlàjẹ àti Màhìn fúnra ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹrẹ̀ ni, kò ní òkè. Radar kì í tètè rí i, àmì tó ṣeé wò kò pọ̀. Jíjìn omi ló wúlò jù níbẹ̀: máa fi ẹ̀rọ ìwọnjìn wé ohun tí ṣáàtì kọ. Lásìkò ọyẹ́, kùrukùru lè bo ilẹ̀ pátápátá. Ibi tí wọ́n ti ń wa epo náà wà lọ́nà yín, má wọ inú mítà 500 tó yí ibùdó epo ká.

Ọmọ Ẹ̀bútè:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n Atọ́nà, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé káàdì deviation tó wà lórí bíríìjì ṣì péye? Àti pé tí mo bá rí iná ọkọ̀ mìíràn lóru, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó máa kọ lù wá?

Atọ́nà Òkun:

Wá ohun méjì tó wà lórí ṣáàtì tí wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn lójú rẹ. Ìlà tó so wọ́n pọ̀ lórí ṣáàtì ni nọ́ńbà gidi. Fi kọ́ńpáàsì wò wọ́n ní ìṣẹ́jú tí wọ́n tò gan-an. Ìyàtọ̀ náà ni àròpọ̀ àṣìṣe, yọ variation kúrò nínú ẹ̀, ohun tó kù ni deviation lórí bí orí ọkọ̀ ṣe kọ lásìkò yẹn. Kọ ọ́ sínú ìwé. Tí wọ́n bá ti jó irin mọ́ ọkọ̀ lára nítòsí bíríìjì, tàbí tí ẹnì kan gbé sípíkà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ńpáàsì, káàdì yẹn ti di irọ́.

Lórí iná: máa wo nọ́ńbà kọ́ńpáàsì iná náà léraléra. Tó bá ń sún mọ́ ọ́, tí nọ́ńbà kò sì yí, ìkọlù ń bọ̀. Iná pupa ni ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀, àwọ̀ ewé ni ti ọ̀tún. Ọkọ̀ ẹ́ńjìnì tó bá ń dábùú láti ọwọ́ ọ̀tún rẹ, ìwọ lo máa yà fún un, má sì gba iwájú ẹ̀ kọjá. Tẹ́ ẹ bá dojú kọ ara yín, ẹ̀yin méjèèjì á yà sí ọ̀tún. Yà dáadáa kó lè rí i. Yíyà 5° kì í hàn sí ẹnikẹ́ni lóru. Àmọ́ ìwọ, pe ọ́físà ná, kádẹ́ẹ̀tì ni ọ́.

Baba Dẹ́ẹ̀kì:

Kó o tó lo ṣáàtì èyíkéyìí, wo abẹ́ àkọlé ẹ̀ bóyá mítà ni wọ́n fi kọ jíjìn omi tàbí fathom. Fathom kan jẹ́ mítà 1.83, ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ lè gbé ọkọ̀ gun ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, wo igun ìsàlẹ̀ ní apá òsì, níbi tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà àtúnṣe sí. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni àtúnṣe ń jáde. Tí nọ́ńbà tó kẹ́yìn bá jẹ́ ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, sọ fún ọ́físà kejì kẹ́ ẹ tó ṣí. Pẹ́ńsù 2B ni kó o rà, kì í ṣe HB, torí HB máa ń há pépà, kì í sì parẹ́ tán.